Ayí-má-tàn, Ọba Fáànù Òkè-Ògùn

Ayí-má-tàn, mo kí ọ!
Alápá-mẹ́ta, abìrù-bí-ẹja, mo kí ọ!
Ayípo-bí-òkòtó, adákẹ́-bí-òkúta, ẹ̀rọ afi-afẹ́fẹ́-pèsè-iná, ògo orí òpó, èmi àbúrò onílé rẹ ni mo dọ̀bálẹ̀ yìí. Mo fi eruku ọ̀nà Ṣakí sí Àgọ́-Àmọ̀dù pa àyà kí n tó la ẹnu.

Ta ni yóò béèrè ilé wa tí wọn ò ní fi ọ́ júwe fún? Àlejò sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, ó pe ọlọ́kadà, kò dárúkọ bàbá wa, kò dárúkọ agboolé. "Fáànù" ló sọ. Ọlọ́kadà ti mọ̀. Kí o tó dé, ẹ̀gbọ́n mi ń gbin iṣu, wọ́n ń kó kájú bíi ti gbogbo ayé. O dé, wọ́n di Bàbá Fáànù. Owó kájú ọdún méjì péré lo gbà, o fi wọ́n joyè.

Fáànù tí kì í fẹ́ sí ẹnikẹ́ni,
fáànù tí ń retí kí ayé fẹ́ atẹ́gùn sí òun,
fáànù tí oòru ń mú!
Ọba tó gorí ìtẹ́ tán tó ní kí àtùpà máa wà nítòsí,
olówó tí kì í tan iná níwájú tálákà,
kí ojú má baà kán wọn.

Owó kájú ọdún àkọ́kọ́ ló rà ọ́ l'Ékòó. Owó kájú ọdún kejì ló ra òpó, okùn irin, síméǹtì, bátìrì mẹ́rin, ó sì bọ́ àwọn wẹ́dà tó jẹ àmàlà wa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó tà ọ́ ní kílówáàtì 1 ni ọ́. Kò purọ́, ó wà lára páálí. Ohun tí páálí fi lẹ́tà tó rí bí ẹyin iná orí kọ sísàlẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa sáré mítà 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí kílówáàtì náà tó jáde. Mítà 12! Afẹ́fẹ́ tí ń gba agboòrùn lọ́wọ́ ìyàwó tuntun nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tiwa ní gúúsù Nàìjíríà, ọmọlúàbí ni. Nígbà tí ti àwọn ará Òkè Ọya ń dé mítà 4 tàbí 5, tiwa ń rin mítà 2, mítà 3, jẹ́jẹ́, bí ẹni ru omi tí kò fẹ́ kó dà.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí ìdílé yín, torí oríkì tí kò tú àṣírí kò dùn. Bí ìrìn afẹ́fẹ́ bá dín sí ìdajì, agbára rẹ̀ kì í dín sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ló ń kù. Mítà 12 di 6, kílówáàtì 1 di wáàtì 125. Mítà 6 di 3, wáàtì 125 di wáàtì 15 àti èérún. Wáàtì 15! Gílóòbù kan ni, bí gílóòbù náà ò bá nírera. Albert Betz, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti ṣírò rẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn pé kò sí ẹ̀rọ tó lè gbà ju ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára agbára afẹ́fẹ́ tó bá gba ojú rẹ̀ kọjá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ gbọ́, ojú wọn wọ ìdá 59 náà, wọ́n ń lé e kiri. Ìwọ ò lé e. O jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ní odindi, bí onílé rere tí kì í tú àpò àlejò.

Aláìlójúkòkòrò,
a-rí-afẹ́fẹ́-má-fọwọ́-kàn-án,
a-rọ́wọ́-mì-má-rọ́wọ́-ṣiṣẹ́!

Ìnfátà tí wọ́n gbé sí ìsàlẹ̀ rẹ, bó bá kàn jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, wáàtì 20 ló ń jẹ. Wáàtì 15 wọlé, ìnfátà jẹ 20. Ọ̀làwọ́ ni ọ́, ìránṣẹ́ rẹ ń jẹ ju ohun tó o ní lọ! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra jẹnẹrétọ̀ kékeré aláfọwọ́fà kan fún ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á bu epo sí i, wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò dáhùn. Jẹnẹrétọ̀ á ṣájì bátìrì, bátìrì á tan gílóòbù pupa tó wà lórí rẹ, kí ọkọ̀ òfuurufú má baà kọlù ọ́ lóru. Ẹ má bi mí pé ọkọ̀ òfuurufú wo ló ń fò nísàlẹ̀ igi mángòrò.

Igi mángòrò náà tó ó kí. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní kí apá rẹ fi mítà 9 ga ju ohunkóhun tó wà láàárín mítà 150 sí ọ. Bàbá bàbá wa ló gbin mángòrò náà, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló fi jìn sí ọ, ó sì fi orí ga jù ọ́. O ò bá àgbà dupò. Lẹ́yìn rẹ, àpáta kan wà, tí àwa ọmọdé máa ń gùn lọ wo Ṣakí lókèèrè. Lórí àpáta yẹn, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ fìlà ẹni lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ihò òpó rẹ, mo fi ìka hàn wọ́n, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sókè." Wọ́n wò mí bí ẹni wo ọmọ tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Ta ni yóò rí i níbẹ̀?" Orí àpáta ni afẹ́fẹ́ wà, ojú ọ̀nà ni ènìyàn wà. Onílé rẹ yan ènìyàn.

Arójú-ọ̀nà-jókòó,
afara-pamọ́-fún-afẹ́fẹ́,
afara-han-èrò-ọkọ̀!
Àpáta ń bá ọ fi àyà gba atẹ́gùn àríwá,
mángòrò ń bá ọ fi èjìká gba ti gúúsù,
ta ni yóò fi ọ́ wé òpó tí ìyà ń jẹ lórí òkè?

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọ, ayé gbọ́. Oṣù Kejì ni, ọyẹ́ ti lọ, òjò ò tíì dé, ewé kan ò mira. Kánópì mẹ́rin. Aṣọ òfì láti Ìsẹ́yìn, aláwọ̀ sányán, tó ń jó èèyàn lára bí ìràwé. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tí wọ́n háyà ń pariwo lẹ́yìn ilé, ó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì ń gbé fáànù onídùúró mẹ́fà tí ń fẹ́ àwọn àgbààgbà. Fáànù méje ló wà lójú agbo lọ́jọ́ náà, ìwọ sì ni ọba wọn, torí mẹ́fà ń ṣiṣẹ́, ọba ń wò wọ́n.

Ó kan àkókò kí o yí. Gbogbo fóònù gòkè. Atọ́kùn ètò ní ká kà á láti mẹ́wàá bọ̀ wálẹ̀. A kà á dé òdo. O dúró. Ó ní a ò kà á dáadáa, a tún un kà. O dúró, bí ọmọ ọba tí wọ́n pè lórúkọ tí kò tíì gbọ́ oríkì. Àgbà kan tí ẹmu ti bá sọ̀rọ̀ ní kí wọ́n ko fáànù onídùúró kan sí ọ lójú kó lè fẹ́ ọ. Wọ́n ní kó jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe fáwọn aríran, wọn kì í gbọ́ tiwọn lásìkò. Ìgbà náà ni ọmọṣẹ́ wẹ́dà kan gun àkàbà, ó na gọ̀ǹgọ̀ tí a fi ń já mángòrò, ó fi ti apá rẹ kan. O yí lẹ́ẹ̀kan. O yí lẹ́ẹ̀kejì. O yí dé ìdajì ẹ̀ẹ̀kẹta, o sì sinmi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀! Ìlù sọ, ẹ̀gbọ́n mi ná owó, ìyàwó wọn fi gèlè nu omi ojú. Fọ́tò ẹ̀ẹ̀kejì náà ló wà nínú kàlẹ́ńdà tí a pín lópin ọdún. Bí èèyàn bá wò ó, kò lè mọ̀ bóyá o ń yí tàbí o dúró. Fọ́tò mọ iyì.

Ẹ má pè é ní ọmọ àná o. Ìdílé ńlá ló ti jáde.

Ọmọ James Blyth, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Scotland, tó gbé baba ńlá rẹ nàró sí àgbàlá ilé ìsinmi rẹ̀ ní Marykirk lọ́dún 1887. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe apá fún un, ó sì tan iná sínú ilé. Blyth ní kí òun fi èyí tó ṣẹ́ kù tan ojú títì fún ará abúlé. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni. Ìwọ ti borí ẹ̀sùn yẹn. Ní gbogbo àdúgbò wa, kò sí ààfáà, kò sí pásítọ̀, kò sí babaláwo tó pe iṣẹ́ rẹ ní iṣẹ́ èṣù, nítorí kò sẹ́ni tó tíì rí iṣẹ́ náà.

Ọmọ Charles Brush ti Cleveland ní Amẹ́ríkà, tó fi apá 144 ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ní 1888, tó fi ń tan iná ilé fún nǹkan bí ogún ọdún. Apá 144, ìnáwó lásán! Mẹ́ta péré ni tìrẹ, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ pákó tí káfíńtà wa gbẹ́ rọ́pò èyí tó kán, o ò sì fi dín nínú ohun tí ò ń ṣe.

Ìbátan William Kamkwamba, ọmọ Màláwì. Ìyàn 2001 ló lé e kúrò níléèwé. Ní 2002, ọmọ ọdún 14, ó ka ìwé ní láíbìrì, ó kó kẹ̀kẹ́ àlòkù, fáànù tírákítọ̀ àti páìpù onírọ́bà jọ, ó so ó mọ́ orí igi, gílóòbù sì tàn nínú yàrá rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò lówó ni? Ẹni tí kò lówó kájú ló ń ka ìwé kó tó gbé òpó. Ẹni tó lówó, páálí ló ń kà.

Àbúrò àwọn mẹ́tàdínlógójì tó wà ní Rimi ní Katsina! Òpó 37, kílówáàtì 275 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́gáwáàtì 10 lápapọ̀. Iléeṣẹ́ Vergnet ti ilẹ̀ Faransé ló ṣe wọ́n. Láyé Umaru Yar'Adua tó jẹ́ gómìnà ni wọ́n ti lá àlá wọn. Ohun tí ojú ẹnjíníà ará Faransé kan rí níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé ní oṣù Kejìlá 2012, n ò ní fi kún oríkì. Ṣùgbọ́n àwọn òpó náà dúró, ọdún ń gorí ọdún, funfun báláú lójú ọ̀run, àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò wọn. Ibẹ̀ ni o ti kọ́ ìdúró. Afẹ́fẹ́ tilẹ̀ wà ní Katsina. Ìwọ kò dúró de ìyẹn kí o tó dúró.

Nílé níhìn-ín, ta ni kò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ìsédò Ìkéré Gorge lórí Odò Ògùn, létí Ìsẹ́yìn? Ọdún 1983, láyé Shehu Shagari, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Omi ni yóò pèsè, oko ni yóò bomi rin, iná ni yóò tan. Ogójì ọdún gbáko, omi kún, ẹja ń wẹ̀, iná ń bọ̀. Odò ló gbà á nímọ̀ràn sùúrù, òun ló kọ́ ọ. Bí odò ńlá bá lè fi ogójì ọdún ronú, kí ni a fẹ́ fi kánjú sí ọmọ afẹ́fẹ́?

Ìwọ ni bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí a ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.
Ìwọ ni ẹ̀bá odò tí omi ń ṣọ̀wọ́n.
Ìwọ ni ìránṣẹ́ tó lọ tó gbàgbé iṣẹ́, tó mú orin bọ̀.

Orin kẹ̀? Ẹ bi aládùúgbò. Ọyẹ́ dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ru eruku Sàhárà wá, eruku wọ ìdí apá rẹ, o bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìró rẹ lóru dà bíi ti ẹni tí ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ tí kò ní omi. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ògiri wa jí ní agogo méjì òru, ó rò pé ìyàwó òun ń sebẹ̀. Inú rẹ̀ dùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Oṣù Kẹta wọlé, ìjì àkọ́rọ̀ òjò dé, ìjì tí í ká páánù, tí í wó igi emi. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọjọ́ rẹ pé nìyẹn, afẹ́fẹ́ tó o ti ń retí ti dé. Wọn ò mọ ìwà ọba. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú ní ìlà-oòrùn báyìí, ẹ̀gbọ́n mi á ké sí Fúlàní darandaran tí ń sinmi lábẹ́ rẹ. Wọ́n á jọ dẹ okùn irin, wọ́n á rọra tẹ́ ọ sílẹ̀ gbalaja, wọ́n á fi okùn màlúù di apá rẹ pọ̀ gbágbágbá, wọ́n á da tapólì bò ọ́. Àwọn ènìyàn á wá máa wá ibi tí wọ́n á sá sí. Ẹ̀fúùfù fẹ́, a rí fùrọ̀ adìẹ. Tìrẹ, a ò ní rí i láéláé, torí o ti sùn kó tó fẹ́. Afẹ́fẹ́ kéré, o ò yí. Afẹ́fẹ́ pọ̀, wọ́n dè ọ́. Láàárín méjèèjì ni ìjọba rẹ wà, ìjọba tó mọ níwọ̀n, nǹkan bí ọ̀sán mélòó kan lọ́dún.

Ẹyẹ ẹ̀gà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní òjò èṣí, ó hun ilé rẹ̀ sí ìdí ìrù rẹ, koríko lórí koríko, bí ìgbà tí òǹhunṣọ Ìsẹ́yìn jókòó sídìí òfì. Mo gun àkàbà lọ wò ó, ẹyin méjì, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó gbóná sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀gà náà ò bẹ̀rù pé o máa yí. Àwọn ẹnjíníà lè wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, ẹ̀gà ti wọn tirẹ̀, ó sì fi ọmọ ṣe ẹ̀rí.

Òfin pàápàá bọ̀wọ̀ fún ọ. Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 ní ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá kọjá mẹ́gáwáàtì 1 lè pèsè iná láìgba láísẹ́ńsì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, torí wọn ò fẹ́ wàhálà ìjọba. Mo mú bírò, mo ṣírò. Pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà, ó kù ọ́ wáàtì 999,985 kí o tó kan bodè òfin. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Àwọn ọ̀tá ń dárúkọ sólà. Ẹ gbọ́ mi ná! Ìyá télọ̀ tó wà lódì kejì ọ̀nà gbé pátákó sólà mẹ́ta sórí páánù ilé wọn. Ṣé ohun tí à ń wò nìyẹn? Wọ́n kàn sùn síbẹ̀. Wọn ò yí, wọn ò kùn, wọn ò nírù. Kò sí kánópì tí a ta fún wọn, kò sí aṣọ òfì tí a rà torí wọn, ẹyẹ ò hun ilé sí wọn lára, ọlọ́kadà ò mọ̀ wọ́n. Oòrùn Òkè-Ògùn yìí, tó ń bá gbogbo ayé sá èlùbọ́ lórí àpáta lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ni wọ́n ń jẹ, bíi mẹ̀kúnnù. Gbogbo ohun tí wọ́n sì mọ̀ kò ju kí wọ́n yí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí wọ́n tan gílóòbù mẹ́fà, kí wọ́n mú omi inú ọ̀rá tutù, kí wọ́n ṣájì fóònù gbogbo àdúgbò. Iṣẹ́ ilé! Iṣẹ́ ìránṣẹ́! Ẹ jẹ́ kí Ìyá télọ̀ máa bá a lọ. A kì í fi ọba wé alágbàṣe.

Ayí-má-tàn, alápá-mẹ́ta,
apá irin méjì, apá pákó kan,
onígílóòbù-pupa-tí-jẹnẹrétọ̀-ń-tàn,
ọ̀rẹ́ ẹ̀gà, ibòji màlúù,
ọlọ́dẹ tí kì í gba owó oṣù tí kì í sì í sùn lóru ọyẹ́,
jẹ́ kí n ròyìn alẹ́ àná fún ọ, torí o wà lókè, o lè má gbọ́.

Epo tán nínú jẹnẹrétọ̀. Iná ìjọba ti lọ láti ọjọ́ kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga lábẹ́ rẹ nínú òkùnkùn, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fóònù wọn bọ̀ láti ilé Ìyá télọ̀ ni, ó ti kún dé ọgọ́rùn-ún. Atẹ́gùn kékeré kan gba ojú wa kọjá. Wọ́n gbé orí sókè.

"Àbúrò, tan fóònù yẹn sókè. Wò ó bóyá ó ń yí."

Mo tàn án sókè. Ìmọ́lẹ̀ náà gba ara òpó lọ, ó kan ìrù rẹ, ó kan apá pákó náà, tó ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń yí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó ń yí gan-an?"

"Ó ń yí, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ti àga. "Mo sọ fún wọn," ni wọ́n wí. "Pa iná fóònù yẹn o, kí ṣájì má baà tán."